Orin adùn-létí tó ń gba ọ̀nà àrà: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Onídùùrù_Ìjẹ̀búÒde béèrè:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni mo máa ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nítòsí Ìtòrò, ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Tóníkì sòfà ni wọ́n fi kọ́ mi láti kékeré. Bí òde àríyá bá wà lọ́jọ́ Sátidé, àwọn eléré jùjú a máa pè mí kí n wá bá wọn tẹ kíbọ́ọ̀dù, nítorí náà etí mi ti gbọ́ oríṣiríṣi.

Orin kan ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. YouTube ló ṣàdédé fi í sí mi létí lẹ́yìn tí èyí tí mò ń gbọ́ parí: "Solsbury Hill" ti Peter Gabriel, tó jáde lọ́dún 1977, lẹ́yìn tó ti kúrò nínú ẹgbẹ́ Genesis. Orin náà dùn púpọ̀. Kò tíì parí tí mo ti ń kùn ún lábẹ́lẹ̀. Gìtá onígi ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀, kò sí ariwo níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó sídìí dùùrù pé kí n tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ mi kò bá a dọ́gba. Mo ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, ó ti kọjá mi. Mo tún un kà, ó tún kọjá. Ìgbà tí mo kà á dé méje ni mo tó rí i pé ibẹ̀ ló ti ń yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Méje! Orin tí ọmọdé lè kọ, tó jẹ́ pé ẹni tó ń gbọ́ ọ kò ní fura rárá.

Láti ìgbà náà ni ọkàn mi kò ti kúrò níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kó lè yé yín dáadáa: orin tó ní ohùn téèyàn lè gbé sẹ́nu lọ sọ́jà ni mò ń wá, tí ègbè rẹ̀ ń wọni lára, àmọ́ tí ẹni tó ṣe é ń dán ohun tuntun wò nínú rẹ̀, ìbáà ṣe nínú kíka ìlù, ìbáà ṣe nínú bí kọ́ọ̀dù (àwọn ìró tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) ṣe ń yí, ìbáà sì ṣe nínú bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀ ní sítúdíò. Ẹnìkan ti fún mi ní àwọn orin kan tí wọ́n ń pè ní progressive rock. Ẹni tó ń ta gìtá níbẹ̀ mọ̀ ọ́n ta, n kò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ta á títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, n kò sì rí ohùn kan ṣoṣo mú lọ sílé. Ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́.

Ta ni kí n gbọ́? Àwo wo ni kí n kọ́kọ́ wá? Ṣé nílé wa níbí, a ti rí ẹni tó ṣe irú rẹ̀ rí? Dátà kò pọ̀ lọ́wọ́ mi, ẹ bá mi yan èyí tó dájú. Ẹ ṣé, ẹ kú àánú mi.

Ọmọ_Ìpẹru fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá "All You Need Is Love" ti àwọn Beatles, 1967. Ègbè rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ kà o, ẹsẹ rẹ̀ ni kí ẹ kà. Méje yẹn náà lẹ máa bá níbẹ̀.

Èkejì ni "Golden Brown" ti àwọn Stranglers, láti inú àwo wọn ti 1981. Ẹ̀yin tí ẹ mọ dùùrù lẹ máa gbádùn rẹ̀ jù, torí harpsichord, irú dùùrù àtijọ́ kan, ló ń ṣíwájú níbẹ̀. Ẹ ó kà á ní mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta, ẹ ó rò pé ẹ ti mọ̀ ọ́n, ló bá fi ẹ̀rin kan dí i. Mẹ́tàlá ni gbogbo rẹ̀. Mo máa ń gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì láti Ìpẹru lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, kò sì sú mi.

Bàbá_Aláwo_Ṣàgámù fèsì:

Ọmọ mi, o káre láé. Mo ta àwo ní Ṣàgámù níbí, mo ta kásẹ́ẹ̀tì, mo sì ta CD títí fóònù fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ohun tí o ń wá yìí wà nílé. Kí o tó ná dátà rẹ tán sí Ìlú Ọba, gbọ́ tèmi ná.

Àwọn ìbejì Lijadu ni mo máa kọ́kọ́ gbé lé ọ lọ́wọ́, Táíwò àti Kẹ́hìndé. Àwo mẹ́rin ni wọ́n ṣe lábẹ́ ilé iṣẹ́ àwo Afrodisia ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: Danger lọ́dún 1976, Mother Africa lọ́dún 1977, Sunshine lọ́dún 1978, Horizon Unlimited lọ́dún 1979. Ti ìkẹyìn yẹn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, orin "Orere-Elejigbo" sì ni kí o kọ́kọ́ wá nínú rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Fi ọkàn sí bí ohùn méjèèjì ṣe so pọ̀, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti Táíwò, o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti Kẹ́hìndé. Biddy Wright ló bá wọn ṣètò orin, ẹni tí kò sí ohun èlò tí wọ́n gbé fún un tí kò mọ̀ ọ́n lò. Nínú àwo wọn ni ìlù ilẹ̀ wa ti ń bá gìtá iná àti kíbọ́ọ̀dù ṣe pọ̀ láìsí èyí tó gun orí èkejì. Obìnrin méjì ló kó gbogbo rẹ̀ jọ lásìkò tó jẹ́ pé ọkùnrin ló ń ṣe olórí ẹgbẹ́ eléré káàkiri. Mo sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi nígbà náà pé àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣíwájú àkókò wọn, mo ṣì ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, Ofege. Ọmọ ilé ìwé ni wọ́n, St. Gregory's College l'Ékòó, nígbà tí wọ́n ṣe Try and Love ní 1973. Orin ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ni, ó rọrùn láti kọ, àmọ́ gìtá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń gba ibi tí o ò retí. Ọdún kan náà ni BLO ṣe Chapter One: Berkley Jones lórí gìtá, Laolu Akintobi lórí ìlù, Mike Odumosu lórí báàsì. BLO gbóná ju ohun tí o béèrè lọ, mo fẹ́ kí o mọ̀ kí o má baà dá mi lẹ́bi. Ofege ló máa bá ọ lára mu.

Má sì fojú fo King Sunny Adé dá nítorí pé o ń gbọ́ jùjú lóde àríyá. Wá Synchro System ti 1983 àti Aura ti 1984. Dẹ̀mọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta gìtá onírin tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ níwájú, èyí tí ohùn rẹ̀ máa ń fà lọ fà bọ̀, ohun èlò tó jẹ́ pé àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ló ni ín. Ọwọ́ yìí kan náà ni Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, wá gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún àwo Graceland ní 1986. Nínú Aura, Stevie Wonder fọn harmonica, fèrè ẹnu kékeré, sí i. Nígbà tí mo bá gbé Aura sórí ẹ̀rọ, àwọn àgbà á ní kí n yọ ọ́, pé ìró ẹ̀rọ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ lódìkejì títì ló máa ń pariwo pé kí n tún un fi. Àwọn ọmọ yẹn ni mo gbà pẹ̀lú.

William Onyeabor náà wà, ará Enugu. Ó ní sítúdíò tirẹ̀, ó ń tẹ àwo ara rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù oníná ló fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú orin rẹ̀. "Fantastic Man" ni kí o wá. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ìró abẹ́ rẹ̀ sì ń yí lọ láìdúró. Ẹlòmíràn lè ní ó gùn jù. Lójú tèmi kò gùn.

ỌmọÀyàn_Ìjẹ̀búIgbó fèsì:

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n onídùùrù, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ìdí ìlù ni wọ́n bí mi sí, ti ìlù ni mo fẹ́ fi kún un.

Méje kì í ṣe àlejò létí wa. Ẹ gbọ́ agogo kọ́nkọ́lọ́ tó wà nídìí ọ̀pọ̀ ìlù wa: kọ́n, kọ́n, kọ́lọ́, kọ́n, kọ́lọ́. Ẹ ka iye ìgbà tí igi kan agogo. Méje ni. Àmọ́ orí ìṣísẹ̀ méjìlá ni méje yẹn dúró lé, ẹsẹ̀ oníjó a sì máa kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú rẹ̀, kò ní yẹ̀. Ẹ wo àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba bí wọ́n ṣe ń bọ̀ tìlù tìlù: ìlù ń lọ kọ́lọkọ̀lọ lókè, ẹsẹ̀ ń lọ tààrà nísàlẹ̀. Ti Peter Gabriel yàtọ̀. Méje tirẹ̀ kò dúró lórí nǹkan mìíràn, ibi tó parí náà nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ yín kò fi bá a: ẹ ń dúró de ìkẹjọ tí kò ní wá.

Bí ẹ bá fẹ́ kó wọ̀ yín lára, ẹ má jókòó kà á. Ẹ dìde, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ yíyípo àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ òsì ni yíyípo kejì máa bá, ìkẹta á tún padà sí ọ̀tún. Tí ẹ bá ti rìn ín bẹ́ẹ̀ títí, ẹ ó rí i pé kò sí ohun tó kù nínú rẹ̀. Nínú orin yẹn, ọkùnrin kan ló gun òkè, ó ń ronú láti fi ohun tó ti mọ́ ọn lára sílẹ̀. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má balẹ̀ dọ́gba.

Ibì kan ni mo fẹ́ bá Bàbá jiyàn, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bàbá ka gbogbo èyí, ẹ sì fo Haruna Ishola! Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí i sí ní 1919. Òun àti I. K. Dairo ló dá Star Records sílẹ̀ lọ́dún 1969, kí àwọn olórin fúnra wọn lè ni àwo wọn. Nígbà tó yá, ó gbé Phonodisk kalẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ilé iṣẹ́ tó ń gba orin sílẹ̀ tó sì ń tẹ àwo. Ìlú wa ńbí, kì í ṣe Ìkẹjà. Ẹni tó ṣe ìyẹn, ọ̀nà àrà ló ń wá. Orin rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wá "Oroki Social Club", 1971. Kò sí gìtá, kò sí fèrè. Agídìgbo ló ń ṣe iṣẹ́ báàsì níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e, abẹ́ rẹ̀ sì kún fún ìlù tó ń dá ara wọn lóhùn. Ẹ fi ọkàn yín sọ́dọ̀ agídìgbo nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ má tẹ̀ lé ohùn. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ á gbọ́ orin mìíràn pátápátá. Wọ́n ń pè é ní orin àwọn bàbá wa, àmọ́ orin tí gbogbo ìgboro ń kọ ni nígbà ayé rẹ̀, ohun tí wọ́n ń pè ní pop náà kò ju ìyẹn lọ.

Bàbá_Aláwo_Ṣàgámù fèsì:

Ọmọ Àyàn, òótọ́ lo sọ nípa Haruna. Ẹni tó béèrè ní orin oníkọ́ọ̀dù ló fẹ́, ìyẹn ni mo fi dá a dúró. Àmọ́ kó gbọ́ ọ, kó gbọ́ ọ dáadáa.

Onídùùrù_Ìjẹ̀búÒde fèsì:

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ṣé gidigidi. Ọmọ Àyàn, mo dìde, mo rìn ín nínú pálọ̀, ìyàwó mi ń wò mí. Ó wọlé! Ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, bí o ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni.

Bàbá, mo rí "Orere-Elejigbo". Ohùn àwọn ìbejì yẹn kò kúrò létí mi látàná. Nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, a máa ń kọ́ sòpíránò àti álítò pé kí oníkálukú mọ ipò rẹ̀, kó má fara kan ẹnìkejì. Àwọn wọ̀nyí kò bẹ̀rù àtifara kan ara wọn. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin wa méjì kan gbọ́ ọ, àwọn tí ohùn wọn jọra tí mo ti ń yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó ku apá kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn: ti sítúdíò. Báwo ni wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ gbígba ohùn ṣe ohun tuntun tí orin kò fi ní pàdánù adùn rẹ̀? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, kó jọ̀wọ́ ràn mí lọ́wọ́.

Sítúdíò_ÀgọÌwòyè fèsì:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ni mò ń ṣe ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn ọmọ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ẹ ti kan ibi tó ń dùn mọ́ mi jù.

Ẹ lọ gbọ́ "I'm Not in Love" ti ẹgbẹ́ 10cc, 1975. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, orin ìfẹ́ lásán ni. Ẹ wá tẹ́tí sí ìró tó kún ẹ̀yìn rẹ̀ bí ìkúùkuù. Kì í ṣe kíbọ́ọ̀dù, ohùn ènìyàn ni. Ní sítúdíò Strawberry ní Stockport, ẹni mẹ́ta nínú wọn dúró síwájú makirofóònù, wọ́n ń kọ "àà" lórí ìró kan ṣoṣo, ìgbà 16, tó fi di ohùn 48. Wọ́n tún bọ́ sí ìró tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe bákan náà, títí wọ́n fi ṣe gbogbo dó, rè, mì àti àwọn tó wà láàárín wọn tán. Wọ́n wá so téèpù ìró kọ̀ọ̀kan pọ̀ lóbìírípo kó máa yí láìdúró, wọ́n sì to gbogbo wọn sórí míksà. Àwọn bọ́tìnnì tí à ń fi gbé ohùn sókè sódò ni wọ́n wá ń tẹ̀ bí ẹ̀yin ṣe ń tẹ dùùrù. Mo lè fi kọ̀ǹpútà ṣe irú rẹ̀ lónìí láàárín kí omi hó, n kò sì tíì gbọ́ èyí tó dùn tó tiwọn. Ohùn ènìyàn kì í bára mu tán. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín ohùn kan àti èkejì ló ń mú kó máa gbọ̀n rìrì bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà a sì máa fẹ́ tún un ṣe.

Èkejì kan yín gan-an, ẹ̀gbọ́n: "God Only Knows" ti àwọn Beach Boys, láti inú Pet Sounds, 1966. Brian Wilson ló ṣètò rẹ̀, ó di olóògbé lọ́dún 2025. Ẹ jókòó sídìí dùùrù pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá ń tẹ kọ́ọ̀dù dó, ó ti mọ́ ọwọ́ òsì yín lára láti lọ sórí dó. Wilson kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ níbi tó wà, á gbé báàsì lọ sórí mì tàbí sórí sọ̀. Orin náà kò wá ní fìdí kalẹ̀ tán níbì kankan, á máa wà lókè, ohùn tó wà lórí rẹ̀ sì rọrùn láti kọ. Ní ìparí, ohùn á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ń lé èkejì, wọ́n ń yí po. Mo gbà pé ẹgbẹ́ akọrin yín lè kọ ìparí yẹn láìsí dùùrù rárá.

Tí ẹ bá ti gbọ́ méjèèjì yó, ẹ wá Hounds of Love ti Kate Bush, 1985. Obìnrin yìí kọ́ sítúdíò sínú abà lẹ́yìn ilé àwọn òbí rẹ̀, ó sì ṣe àwo náà fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó ń sáré lé e lórí. Ojú kìíní kún fún orin tí rédíò fẹ́ràn. Ojú kejì, ó pè é ní The Ninth Wave, ìtàn kan ṣoṣo ni: ẹnìkan dá wà lójú omi òkun lóru, ó ń gbìyànjú kó má sùn lọ. Gbogbo ohun tó bá wọ inú ọkàn ẹni bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ohùn ìyá, ohùn ìdájọ́, fàólì àwọn ará Ireland. Ẹ má fi spíkà fóònù gbọ́ apá yìí. Ẹ fi íàpíìsì gbọ́ ọ, kí ẹ má sì fò ó lọ́nà, torí orin kọ̀ọ̀kan ń ti èkejì.

Fún ti ìsinsìnyí nílé, àwo Oṣó ti olórin Brymo, 2018, ni mo máa ń fún àwọn ọmọ tó bá wá sọ́dọ̀ mi pé àwọn fẹ́ ṣe orin tó yàtọ̀. Ó tún yẹ kí ẹ gbọ́ bí Asake ṣe to ohùn lórí ohùn nínú Mr. Money With The Vibe, 2022. Ègbè ọ̀pọ̀ ènìyàn yẹn ti wà nínú fújì àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa tipẹ́, òun ló gbé e wá síwájú tó fi di òpó orin. Àwọn kan ní ariwo ni. Ẹ yọ ìlù kúrò lọ́kàn, kí ẹ gbọ́ ègbè nìkan, iṣẹ́ ńlá ló wà níbẹ̀.

Ti dátà: ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lóru nígbà tí dátà bá dínwó, kí ẹ lè máa tún un gbọ́. Orin báyìí kì í fi gbogbo ara hàn lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ_Ìpẹru fèsì:

Ẹ̀gbọ́n onídùùrù, bí ẹgbẹ́ akọrin yín bá kọ́ ìparí "God Only Knows" yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa kọ ọ́. Láti Ìpẹru sí Ìjẹ̀bú-Òde kò jìnnà, mo máa wá.

Onídùùrù_Ìjẹ̀búÒde fèsì:

Àǹtí Àgọ́-Ìwòyè, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti gbé ọwọ́ òsì sórí mì báyìí, mo fi kọ́ọ̀dù dó sílẹ̀ lókè, mo ti rí ohun tí ẹ ń wí. Ọjọ́bọ̀ la máa ń ṣe ìdánrawò. Tẹ́nọ̀ ni mo máa kọ́kọ́ kọ́ ọ fún, torí àwọn ló máa ń pẹ́ jù kí nǹkan tó yé wọn.